Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Pápá ní Hamburg

Bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí, ara máa ń fu mí. England ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta ni mo gbé dàgbà kí àwọn òbí mi tó wá kó mi lọ sílùú òyìnbó, ibẹ̀ ni mo sì ti di atamátàsé bọ́ọ̀lù nínú àwọn líìgì kéékèèké tí tẹlifíṣọ̀n kì í dé. Kóòṣì tó bá gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ tó ní èmi lòun gbójú lé, òun náà ni yóò pè mí sí ọ́fíìsì kí oṣù tó parí pé kí n máa wá ibòmíràn lọ. Èyí tó rẹ́rìn-ín sí mi jù nínú wọn yá mi fún ẹgbẹ́ kan ní ìlú etí òkun, níbi tí pápá ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé bọ́ọ̀lù ń dá yí lọ fúnra rẹ̀. Mo gbá góòlù wọlé níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì dá mi padà. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ni mí gan-an ní àwọn ò fẹ́ mi mọ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Berlin ní kí n máa bọ̀. Big Mummy ni gbogbo wa ń pè é. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gíga àdúgbò Hellersdorf. Bí wọ́n bá ń fi ìfura joyè, òun ni ì bá jẹ́ ìyálóde. Kì í sọ ọjọ́ tí yóò rìnrìn àjò fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì títí yóò fi lọ tí yóò fi bọ̀. Èmi àti òun bára wa mu dáadáa.

Mo ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan kóòṣì wa sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan ní Hamburg ń wá atamátàsé kan, pé òun ti dárúkọ mi fún un. Gbogbo ènìyàn ń kí mi kú oríire. Èmi ń bi ara mi pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi ń kánjú láti yọ mí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ lọ. Lákòókò yẹn, England ń múra láti jáde kúrò láàárín àwọn ará Europe, Big Mummy kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

"Wá contract kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn o," ló máa ń wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ náà á lọ máa to line ní ọ́fíìsì àwọn àlejò ní Moabit bíi tiwa, wàá mú Termin, ọjọ́ tí wọ́n máa rí ẹ, wàá dúró nínú òtútù. Red passport England rẹ yẹn ò ní wúlò fún ẹ mọ́."

Èmi náà ti ṣèpinnu tèmi nínú ọkàn mi. Bí Hamburg bá kọ̀ mí, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí.

Kóòṣì Hamburg ní ọmọ Nàìjíríà kan wà lọ́dọ̀ òun tó lè gbà mí sílé fún àsìkò ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi lórí pápá. Mo rò pé oore ni, àfìgbà tí mo gbọ́ ìyókù: atamátàsé ni ọmọ Nàìjíríà ọ̀hún, òun náà ń ṣe ìdánwò, àyè kan ṣoṣo ló sì wà. Ilé ẹni tí a jọ ń du àga kan ni wọ́n ní kí n lọ sùn.

Ó wá pàdé mi níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ní àdúgbò Jenfeld. Ọmọ Yorùbá ni. Bí mo ṣe rí i báyìí, ara mi ti mọ̀ pé ó jù mí lọ dáadáa kí n tó ronú: bó ṣe mí kanlẹ̀ nígbà tó gbé báàgì mi, bó ṣe ń rọra tẹ ẹsẹ̀ òsì, àti ojú tó ti rí nǹkan. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó yára fà mí dìde, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Ó ti tó, àbúrò mi. Welcome, jàre. Ṣé train ò kúkú pẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè wá pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, tó ti ń lọ sí iléèwé. Bí bàbá rẹ̀ bá bá a sọ Yorùbá, German ló fi ń dá a lóhùn. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi, ó ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n Big Mummy ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò ní Berlin pé ẹni tí ẹ bá jọ ń du nǹkan, o kì í kọ́kọ́ sáré fọwọ́ sí àwo rẹ̀. Mo di ojú, mo ń gbàdúrà, mo sì ń fi ìpéǹpéjú kan wo bàbá ilé. Àfìgbà tó gbé tirẹ̀ mì ni mo tó ṣe àmín.

"Bọ̀dá England," ìyàwó rẹ̀ ní, "àdúrà yín mà gùn o. Ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù."

Ọbẹ̀ náà dùn. Ìyẹn náà tún fu mí lára.

Ọjọ́ kejì ni ojú mi là. Kóòṣì, ọkùnrin ńlá kan tí kì í yọ fìlà, gbé apá lé ẹni tó gbà mí sílé léjìká, ó sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé èyí ni "der Kleine", kékeré àwọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Èmi nígbà náà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Mo wo kékeré wọn. Kékeré wọn ń wo okùn bàtà rẹ̀.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

"Àbúrò, jọ̀ọ́," ó ní. "Tá a bá ti dé pápá, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Má dọ̀bálẹ̀ rárá. Just call my name. You sef know, football age ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ gé e kù ni?"

"Agent tó kó wa wá ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ̀, it don enter everywhere. Ọmọ mi gan-an, niece mi ni mo ń pè é ní Verein, nínú ẹgbẹ́ wa. Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni?"

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti sinmi. Kí ló dé tó sọ ọ́ fún mi, èmi tó yẹ kó bẹ̀rù jù? Bóyá ó fẹ́ kí n lọ ṣòfófó, kó lè sọ pé owú ń jẹ mí. Mo tẹ Big Mummy láago. N kò sọ ohun tí àṣírí náà jẹ́ fún un, mo kàn ní ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan fún mi.

"Ẹni tó bá fún ẹ ní àṣírí tí o ò bèèrè," ó ní, "okùn ló fún ẹ yẹn. Ṣọ́ra kó má jẹ́ ọrùn ẹ ló máa kọ́ ọ sí."

Mo wá ń ṣọ́ ọ. Bó bá fún mi ní bọ́ọ̀lù lẹ́yìn díẹ̀, mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bó bá fún mi síwájú ẹsẹ̀ gan-an, mo ní ó fẹ́ kí kóòṣì rí i pé ọmọ rere lòun. Lórí pápá, bí mo bá fẹ́ pè é, ẹnu mi kì í ya sí orúkọ náà. Ta ni yóò pe bàbá ọmọ lórúkọ gbàǹgbà báyẹn? Mo ń sọ pé "Ẹ̀n! Ẹ̀n!" bí ẹni tí ata há lọ́fun, àwọn tó kù sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi eré kan parí ìdánwò náà, àwa pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti ìlú ìtòsí. Kóòṣì ní kí àwa méjèèjì jọ wà níwájú. Eré ti fẹ́ parí, kò tíì sí góòlù, nígbà tí ẹ̀gbọ́n gba bọ́ọ̀lù kọjá ẹni tó kẹ́yìn lára wọn. Òun àti aṣọ́lé nìkan ló kù. Gbogbo atamátàsé ayé ló máa gbá a. Ó dúró títí aṣọ́lé fi jáde sí i, ó sì ti bọ́ọ̀lù sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọ̀n ṣófo gbayawu. Mo gbá a wọlé.

Èmi kò mọ ohun tó gbé mi. Ìyá ìyá mi ni, àbí Abẹ́òkúta ni. Ẹni tó ní tirẹ̀ lọ́wọ́ tó fi fún ẹ, báwo lo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo sáré lọ bá a, mo na gbalaja níwájú rẹ̀, àyà mi lórí koríko tútù. Ìgbà tí omi koríko kàn mí lẹ́nu ni mo tó rántí. Mo gbójú sókè, mo rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè na ọwọ́ láti gbé mi dìde.

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eré parí, ó pe àwa méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ti ní ọmọ Nàìjíríà kan rí, pé ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wá kí i, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Ó ní àgbà lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó wá kọjú sí mi.

"So who is older?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ni òótọ́ wà. Bí mo bá là á báyìí, àyè ti di tèmi. Mo wo ojú ọkùnrin yẹn, mo ń wá ìwà ibi kan níbẹ̀ tí mo lè fi tu ara mi nínú. Mo wá a títí, n kò rí i. Ọbẹ̀ ẹja ni mo rí, àti ọmọbìnrin tí kò lè pe bàbá rẹ̀ ní bàbá lójú àwọn ará ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn.

"Me," ni mo wí. "Èmi ni. A máa ń ṣe é fún ẹni tó bá fún wa ní góòlù."

N kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ̀gbọ́n fi lọ sílẹ̀. Baálé ilé, ó na tán pátápátá níwájú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o." Orí mi wú. Ìtìjú bá mi débi pé mo fẹ́ sá. Kóòṣì rẹ́rìn-ín báyìí, ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ti parí.

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti ṣàlàyé. Ó ní bákan náà ni wá, pé kò sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́sẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kékeré yìí kò ju mọ́kàndínlógún lọ, ó ṣì ń dàgbà, èmi ti di méjìlélógún. Àbúrò lòun máa mú. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ pariwo, inú bí mi sí kóòṣì, sí agent tí n kò rí rí, sí ẹnu ara mi. Ẹ̀gbọ́n tẹ orí ba.

"Àbúrò," ó ní nígbà tí a jáde, "jẹ́ ká padà. Jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́ fún un."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà," mo ní. "Ẹ kú oríire."

Títí di òní, mo ṣì ń yẹ páàsì bọ́ọ̀lù tó fún mi yẹn wò, tọkàntọkàn ni àbí ọgbọ́n ni. N kò mọ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi padà sí Berlin ni Big Mummy ti pè. Ibi iṣẹ́ ló wà, mo ń gbọ́ ariwo àwo.

"Ta ni wọ́n mú? Ìwọ ni àbí ẹ̀gbọ́n yẹn?"

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe èmi. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ohun tí kóòṣì sọ ló jáde.

"Wọ́n ní àbúrò làwọn mú, mà."

Ó han gooro. Ó ní ṣebí òun ti wí, pé àgbàlagbà kò ní gba ti ọmọdé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbọ́ tó ń pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń fi German sọ fún wọn pé ọmọ òun ti rí contract, ni àwọn arúgbó bá ń pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, ó ń jó nínú kíṣìnnì wọn. Mo gbé fóònù sórí itan mi, mo jẹ́ kó kọrin náà tán.