Má Tọrọ Iyọ̀

Ní ilé tí mò ń gbé ní Egan, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti tọkọtaya tó wà lápá ọ̀tún mi. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rán. Ẹ̀bá ògiri yẹn ni mo gbé máṣíìnì mi sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń bọ́ sí. Tí ọkùnrin náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìyàwó rẹ̀, màá máa tẹ máṣíìnì kíákíá kí n má baà gbọ́. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, ṣòkòtò péńpé tí mo rán pọ̀ ju èyí tí iléèwé fẹ́ lọ.

Mò ń kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á lè mọ̀ pé mo gbọ́.

Èmi náà ti gbé lẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí. Akowonjo ni, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ nígbà náà ṣì wà láàyè. Ohun tí mo lè sọ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, nígbà tó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi dìde lọ ṣí i. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní garawa." Ọkọ mi gbé garawa fún un. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn dé, ó ní òun fẹ́ yá ìgbálẹ̀. Ìgbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa dé, àkàsọ̀ ló ní òun fẹ́.

Ọkọ mi ní, "Àkàsọ̀ kẹ̀? Nínú yàrá?"

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú sà, mo rò pé ẹ ní."

Ṣíṣí àti títì ilẹ̀kùn yẹn ló mú kí ọkọ mi fi mí sílẹ̀, kó jókòó. Lọ́jọ́ kejì, èkíní dá garawa padà, ó wo ojú mi. Èkejì dá ìgbálẹ̀ padà, òun náà wò mí. Bí mo ṣe mọ ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Àwọn ló bá mi kó kúrò ní Akowonjo.

Ẹ̀yìn iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Igando ni ẹgbẹ́ náà ti ń pàdé, ní ọ̀sán Thursday. Àwọn opó tí àna lé jáde wà níbẹ̀. Obìnrin kan tí kò ríran wà níbẹ̀, tí àwọn onílé kì í fẹ́ gbà sílé. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ni aṣáájú wa, Màmá la sì ń pè é. Ó máa ń bá wa kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ó sì máa ń ṣàlàyé ohun tí òfin sọ nípa ogún fún wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kíkàn ni iṣẹ́ wa gan-an, ó sì ní ìlànà. Má pariwo. Má sọ pé o gbọ́ nǹkan kan. Kí ọkùnrin náà dáadáa, kúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, yá nǹkan.

Màmá máa ń sọ ọ́ léraléra pé, "Ohun tó máa padà ni kí ẹ yá. Ẹ má tọrọ iyọ̀. Ta ló ń dá iyọ̀ padà? Tí ẹ bá yá asẹ́, ọkùnrin náà mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà sì ti rí ọ̀nà wọlé lọ́la."

Obìnrin kan béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, tó bá jẹ́ pé ọkọ ẹ̀ ni mo yá ńkọ́?"

"Yá a. Ṣùgbọ́n wàá dá a padà lọ́la."

Ẹlòmíràn ké látẹ̀yìn pé, "Ẹ má dá tèmi padà o, jàre!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó wá sípàdé, èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Mi ò kan ilẹ̀kùn kankan rí. Nígbà gbogbo ni mo máa ń ní iṣẹ́ tó dí mi lọ́wọ́.

Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún mi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọbìnrin ni lójú mi. Ó ń dirun níwájú ilé. Mo ti sọ nípa ẹgbẹ́ náà fún un, mo sọ ti garawa, mo sọ ti àkàsọ̀, mo sì sọ ìdí tí a fi ń dá nǹkan padà. Ó pòṣé. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ilé mi ni. Ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ ayálò yín, ẹ ṣá máa ránṣọ yín." Mo padà sídìí aṣọ mi.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá, ó ní, "Ìwọ nìkan la ní ní Egan."

Àárọ̀ Saturday kan ni. Oòrùn ti yọ dáadáa. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì. Òwú já. Kí n tó rí ojú abẹ́rẹ́, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń sọ pé, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́." Èmi náà ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde. Asẹ́ ni mo fẹ́ yá. Mo ń sọ ọ́ sínú títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà: asẹ́, asẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ṣí i, ó ń fi aṣọ ìnura nu ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níyọ̀ díẹ̀."

Mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mi ò lè dá a padà sínú. Ó wọlé lọ, ó mú odindi ọ̀rá iyọ̀ kan wá, èyí tí wọn ò tíì tú.

"Ẹ máa lò ó lọ, Mọ́mì. Ẹ ò ní tún wá tọrọ iyọ̀ mọ́ títí ọdún yìí á fi parí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Mo gbé iyọ̀ náà sórí tábìlì. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò tẹ máṣíìnì. Mo jókòó.

Mi ò rí ọmọbìnrin náà ní ọjọ́ Sunday. Ní Monday, ẹni tó fẹ́ dirun wá, ó kan ilẹ̀kùn títí, ó sì lọ. Mo pe Màmá lórí fóònù, mo ní mo ti kan ilẹ̀kùn.

"Kí lo yá?"

"Iyọ̀ ni, mà."

Mo rò pé ó máa bá mi wí. Ó ní, "O ti tú u?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa." Ó gé fóònù.

Ó tó wákàtí kan kí ó tó yé mi. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkùnrin náà ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé iyọ̀ náà, mo lọ kan ilẹ̀kùn.

"Mo wá dá iyọ̀ yín padà, sà. Mo rí tèmi."

Ó wo ọ̀rá náà, ó wò mí. "Iyọ̀? Mọ́mì, ta ló ń dá iyọ̀ padà?" Ẹ̀rín pa á gan-an. Ó kọjú sínú ilé, ó ké pé, "Wá wòran o! Mọ́mì ń dá iyọ̀ padà!"

Bó ṣe pe ìyàwó rẹ̀ jáde nìyẹn. Ojú òsì rẹ̀ ti wú, kò sì là. Ó wo iyọ̀, ó wo èmi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, mo sì rò pé ó ti tán. Ó padà jáde pẹ̀lú asẹ́ ògì kan.

Ó ní, "Mọ́mì, asẹ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ yá lọ́jọ́sí nìyí. Mo máa lò ó lọ́la o, ẹ bá mi dá a padà."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ asẹ́ rí láyé mi. Mo ní, "Ó dọ̀la." Ọkọ rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín iyọ̀.

Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta mo tún lọ yá a. Báyìí la ṣe ń bá a lọ fún bí oṣù kan. Nígbà tó yá, ìwé ẹ̀rí iléèwé rẹ̀ bá asẹ́ náà wá, nínú ọ̀rá. Nígbà mìíràn, ìró kan ló ká sábẹ́ rẹ̀. Mo kó wọn sábẹ́ àwọn yunifọ́ọ̀mù. Mi ò béèrè, òun náà ò ṣàlàyé.

Ní Thursday kan, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, a kó àwọn ẹrù náà, a jọ lọ sí Igando. Láti ibẹ̀ ni Màmá ti mú un dé ibi tó ti wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi nìkan ni mo padà sílé.

Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́.

"Mọ́mì, ẹ rí ìyàwó mi?"

"Mi ò rí i, sà."

Ó wo yàrá mi láti òkè dé ilẹ̀. "Asẹ́ wa ńkọ́?"

Mo gbé e fún un. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà lè wà níbẹ̀. Ó gbé e lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ti máṣíìnì lọ dí i.

Ó ṣì wà lápá ọ̀tún mi títí di báyìí. A máa ń kí ara wa láàárọ̀. Mi ò tíì gbé máṣíìnì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ò dé ibẹ̀, ó sì ń ni ojú mi lára.

Ọmọbìnrin náà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ń dirun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Mọ́mì, asẹ́ mi ńkọ́?"

"Ó ti padà sílé."

Ó ní, "Èmi ò ní padà o, Mọ́mì."

Mo ní, "Mo gbọ́."