Bàbá Wáyà àti Ọkọ̀ Onígbòkun Lọ́yà

Ìtàn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa olóògbé Shittu ní etí omi Kétu ni ti ọjọ́ tó bọ́ sínú ọ̀sà tòun ti jàlámíà funfun. Iná ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe, Bàbá Wáyà sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi mọ́ ọkọ̀ onígbòkun Lọ́yà Adéṣẹ́gun ni. Wọ́n dé àárín ọ̀sà, ẹ̀rọ ní omi ò kọjá orúnkún.

"Bàbá, irọ́ ni ẹ̀rọ yín ń pa o," Adéṣẹ́gun wí.

"Ẹ̀rọ tí èmi fọwọ́ ara mi so? Ẹ máa wò mí."

Ló bá gbẹ́sẹ̀ jáde bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Mile 12. Fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lójú omi. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà á gòkè, ó tu omi dànù, ó ní: "Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Nígbà tó wọn omi yẹn, kò tíì jìn."

Kì í kọ nọ́ńbà sára wáyà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹbí ló ń kọ. Wáyà fèrè ọkọ̀ ni Kúnbi, àbúrò rẹ̀ aláriwo. Èyí tó gbóná jù ni Nusirat, ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Nusirat gbé oúnjẹ dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń pariwo lórí fóònù: "Ẹ má fọwọ́ kan Nusirat o! Á gbé yín!"

"Bàbá Junaid, ṣé wáyà tó ń gbóná lẹ fi orúkọ mi sọ?"

Shittu ní: "Òun ló ń gbé iná fún gbogbo ọkọ̀. Bó bá já, òkùnkùn dé nìyẹn."

Nusirat ṣí abọ́, ó fi ẹran kan kún un.

Ìjà tó le jù láàárín Shittu àti Adéṣẹ́gun ni ti bátìrì. Shittu ní rédíò tí wọ́n fi ń pe èèyàn látinú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́yà ní ẹyọ kan ti tó. Wọ́n fà á fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin Shittu ní òun gbà. Àṣé ó ti so bátìrì kejì mọ́ rédíò, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ìjì ká Adéṣẹ́gun àti Helen aya rẹ̀ mọ́ ọ̀sà lọ́sàn-án gangan. Ìgbòkun ya, ẹ́ńjìnì kú, omi bo bátìrì, gbogbo iná sì kú. Helen kàn tẹ rédíò nítorí ìbẹ̀rù ni. Ohùn Shittu dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, a ti kú o!"

"Òkú kì í fi rédíò pe èèyàn. Kí lẹ̀ ń rí lápá ọ̀tún?"

"Ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn."

"Ẹ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Mò ń bọ̀."

Ọkọ̀ apẹja ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, òjò ò tíì dá. Adéṣẹ́gun béèrè pé: "Bàbá, báwo ni rédíò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Ọkùnrin tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni gbójú sókè. Ó ní, "Ọlọ́run tóbi."

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ ní Ajégúnlẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ̀tàn, ẹ̀rín ń sọ. Adéṣẹ́gun jókòó ti Nusirat.

"Mummy Junaid, mi ò sọ fún Bàbá rí pé àwọn ló jàre lórí ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn."

"Wọ́n mọ̀," Nusirat dáhùn. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjì yẹn, nígbà tí wọ́n délé, wọn ò lè jẹun. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ká ní àwọn gba tiyín lóòótọ́ ńkọ́?"

Adéṣẹ́gun bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Helen sún mọ́ opó náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi sílẹ̀.