Ọjọ́ Tí A Fi Ìwé Àbúrò Bàbá Mi Dáná

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin ọmọ mi, ọkàn ẹnikẹ́ni kì í balẹ̀ nílé wa ní Ẹdẹ. Àbúrò bàbá mi ló fà á. Tíṣà ni wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn má kọrin yin ọba òyìnbó. Láti ìgbà náà, a kì í mọ ìgbà tí wọ́n máa jáde tàbí ìgbà tí wọ́n máa wọlé. Wọ́n á dìde nídìí oúnjẹ láìjẹun tán, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sẹ́kọ́nà, lọ sí ìlú Ara, láti sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin aládùúgbò wa kan sáré wọlé.

"Ọlọ́pàá ń bọ̀ o! Ilé yín ni wọ́n ń béèrè!"

Àbúrò bàbá mi ti lọ sí ìlú Awo. Ìwé tí wọ́n fi oṣù méjì kọ, tí wọ́n fẹ́ pín lọ́jọ́ ọjà, kún inú àpótí wọn. Ìyá mi wo àpótí, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò mí.

"Kó o síná."

"Ṣé gbogbo rẹ̀, mà?"

"Gbogbo ẹ̀. Yára!"

Ìkòkò ẹ̀wà ló wà lórí ààrò. Mo ń ki ìwé bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n tú ẹní, wọ́n da àgbàdo sílẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi dé tí wọ́n gbọ́, wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó.

"Ìyàwó wa, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ dáàbò bò mí ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú mi."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde."

Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n jáde. Wọ́n dúró láàárín ọjà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú ìwé tí mo ti dáná sun, láìwo ìwé kankan, lójú èmi àti ìyá mi. Wọn ò tíì parí tí ọlọ́pàá fi dé bá wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n lọ, ikọ́ ni wọ́n sì gbé bọ̀.

Nígbà tí òmìnira dé, tí gbogbo ìlú ń jó, mo bi wọ́n bóyá inú wọn dùn.

"Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa jókòó sórí àga òyìnbó yìí, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?"

Wọn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn.

Ayé ti yí padà. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń bú ìjọba láti àárọ̀ títí di alẹ́, nínú ilé yìí kan náà, kò sì sí ẹni tó ń wá wọn wá. Inú mi ń dùn sí i. Síbẹ̀, bí ohùn wọn bá ti lọ sókè jù, màá rọra dìde, màá lọ ti fèrèsé.