Ẹfun Lójú Mi, Èédú Lójú Òyìnbó

Mo rántí òórùn àdín tí mo fi ń po ẹfun tí mo ń kùn sójú láti ṣe òyìnbó nínú eré, ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, nígbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ẹdẹ. Omi lásán kò dára, torí ẹfun olómi máa ń sán lójú bí ẹni tó kùn ún bá rẹ́rìn-ín. Àdín díẹ̀ ni èèyàn á fi pò ó, á wá fi osùn tọ́ imú àti etí, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti máa ń jó òyìnbó jù. Irun àgbàdo ni mo fi ṣe irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń wo àwọn èèyàn ni, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo Ẹdẹ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ gba ìsinmi Kérésì, mo sín ọ̀gá wa òyìnbó jẹ níwájú òun fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tí a bá sín jẹ á dìde, á fún ẹni tó sín in jẹ lẹ́bùn, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé kò bínú. Ọ̀gá bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi dé mi lórí.

Ló bá ní ó kan òun. Ó ti sọ fún mi ṣáájú pé irú eré yìí máa ń dùn mọ́ wọn nílùú wọn, pé òun fẹ́ kun èédú sójú kí òun ṣe èèyàn dúdú kan ṣáá. Èmi ni mo ní kó ṣe bàbá ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ wa. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ: bí bàbá ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì tí ejò bù jẹ, bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí "Ta nìyẹn?" tó jáde. Mo mọ̀ pé bàbá ti pe àwọn àna rẹ̀ tuntun, àwọn ẹbí ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, láti Awo wá wòran. Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kó dùn sí i ni.

Nígbà tí òyìnbó wọ́ ẹsẹ̀ jáde, bàbá ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àna mi ti di méjì," ó ń wí, ó ń lu orókún. Àwọn obìnrin ń ti bàbá ọlọ́dẹ síwájú pé kó fún ìbejì rẹ̀ lẹ́bùn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fà á lé òyìnbó lọ́wọ́. Òyìnbó dé e, ó wọ́ ẹsẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kólòlò. Bàbá dúró láìdé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín bí àṣà ṣe fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá iṣu ìdána padà sí Awo. Ọmọ rẹ̀ sunkún títí àìsàn fi gbé e dè. Mo lọ kí wọn.

"Tíṣà, èédú yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan," bàbá wí. "Ìwọ náà kun ẹfun. Àmọ́ ta ló fún un ní ẹsẹ̀ mi?"

Mo ní ojú òyìnbó mú púpọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé nílùú òyìnbó, ẹni tó bá kun èédú sójú báyìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, torí irú eré bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ẹrú. Ó bi mí bí inú ṣe bí wa tó lọ́jọ́ náà. Mo sọ òótọ́ fún un pé kò sẹ́ni tó bínú nítorí àwọ̀. Ó wá béèrè bí òyìnbó ṣe mọ ẹsẹ̀ bàbá tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí mo fún bàbá ni mo tún fún un. Ọdún tó lé lọ́gọ́ta ti kọjá, ẹnu mi kò tíì lè sọ òmíràn.