Àmín Tí Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Ṣe

Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan garí, ara mi kì í balẹ̀. Òórùn garí gbígbóná a máa dá mi padà sí ìdí agbada ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Òjòkú, níbi tí èmi àti ọmọ rẹ̀ ti máa ń jókòó sórí àpótí kan ṣoṣo, tí a ó máa bu garí tí kò tíì tutù sẹ́nu, tí ìyá náà yóò sì máa bú wa pé inú ni yóò run wá. Kì í bínú tọkàntọkàn. Bó ti ń bú wa náà ló ń ti igbá mìíràn sí wa níwájú.

Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀fà náà ni mo ti kàwé. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa wa, pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àwọn baba wa jà á, àwa náà jà á nílé ìwé. Ilé ìwé ìjọba ni mo lọ, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí àwa mẹ́ta sì ń há ara wa mọ́ orí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Ṣùgbọ́n bó bá di ti ìjàkadì, kò sí ilé ìwé tó lè fi ẹ̀yìn wa balẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ọ̀rẹ́ mi ló fà á. Láti Òjòkú ló ti ń wá lójoojúmọ́, lórí ọ̀kadà bí owó bá wà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bí kò bá sí. Ó ga, ó sì tín-ín-rín, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé kò jẹun kánú. Ẹni tó bá gbá a mú nìkan ló máa ń mọ̀ pé kò ṣeé mì.

Èmi ni wọ́n máa ń fi dán an wò. Ojoojúmọ́ ló ń dá mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń dìde. Tíṣà eré wa ní òfin kan tí kò fi ṣeré rárá: ẹni tó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fà á dìde, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Ó ní iyanrìn tí a kò bá gbọn dànù lọ́jọ́ náà, inú ló máa ń wọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbọn ẹ̀yìn mi tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi máa ń béèrè bóyá mo tilẹ̀ jà rárá, nítorí aṣọ mi máa ń mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ó ku bí ọdún kan àtààbọ̀ kí a jáde ìwé mẹ́wàá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé aládàáni kan wà lọ́nà Pólì, níbi táwọn ọmọ olùkọ́ àti ọmọ àwọn oníṣòwò ńlá ń lọ. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ilé ìgbé fún àwọn ọmọ, àwọn òbí sì ń san owó gọbọi. Ife-ẹ̀yẹ nìkan ni wọn kò ní. Obìnrin tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn títí kan àwọn òbí ń pè ní Mọ́mì, wá wo ìjàkadì wa lọ́dún kan. Nígbà tí a wọlé sáà tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi kò wá. Aṣọ ilé ìwé wọn ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí mo tún rí i, pẹ̀lú bàtà tuntun. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, ìwé ọ̀fẹ́. Mọ́mì ní ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí Ọlọ́run bá fún lẹ́bùn.

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn nílùú. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹ irun, àwọn kan ní ọmọ tálákà rí àánú gbà, kí ló wá kan aráyé? Àwọn tí ọmọ wọn wà nílé ìwé náà ní owó tí àwọn ń san ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ló sì gba ipò ọmọ àwọn. Àwọn tiwa ní olè ni wọ́n, wọn kò kọ́ ọmọ kankan ní ìjàkadì, èyí tí ẹlòmíràn ti kọ́ ni wọ́n wá ń kó. Tíṣà eré wa kò bá wọn pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ọmọ tí wọ́n fún ní ìwé nítorí apá rẹ̀, ọjọ́ tí apá bá ń dùn ún ńkọ́?"

Ní tèmi, mo ti di agbẹjọ́rò. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí ètò eré ìdárayá nínú rédíò, ìyẹn "ojúsàájú," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ohun gbogbo, títí kan iye ẹran tí ìyá mi ń bù sínú ọbẹ̀ mi. Mo ń ṣàlàyé fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé ohun tí ilé ìwé yẹn ṣe kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ó ṣeé ṣe kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé ọ̀rẹ́ mi lọ láì dágbére fún mi. Èmi ni wọ́n sì wá ń pè ní ọ̀gá nílé ìwé wa, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ẹni tí kò rí àdán ló ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, a bá ara wa ní àṣekágbá ìdíje ìjàkadì àwọn ilé ìwé, èmi fún ilé ìwé wa, òun fún tiwọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi wá sílé wa. Aránṣọ ni ìyá mi, ìta iwájú ilé ló máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi gbé garí dání nínú ọ̀rá, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

"Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n yà kí yín ni."

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, kí wọ́n bu omi fún yín."

Kò jókòó. Ó ní ọkọ̀ Òjòkú fẹ́ kún. Ó wá kọjú sí mi.

"Ọmọ mi, ẹ ó pàdé lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Inú igbá kan náà lẹ ti jọ ń bu garí." Ó ń fọwọ́ pa ọ̀rá garí náà. "Ìwọ, bó o bá tilẹ̀ ṣubú, ilé ìwé rẹ náà lo ó padà sí lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ohun tó máa yí padà fún ọ."

Ẹ̀rọ ìyá mi dákẹ́. Nílẹ̀ wa, a kì í dárúkọ ìṣubú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, áńbọ̀sìbọ́sí nígbà tí ìjàkadì ku ọ̀la. Ìyá mi kò bá a jà, kò sì gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń rán. Ohun tí abiyamọ máa ń ṣe ló ṣe.

"Ọmọ mi ò ní ṣubú, lágbára Ọlọ́run. Ẹni tó bá dojú kọ ọ́ ni yóò fẹ̀yìn lélẹ̀."

Bí wọ́n bá gbàdúrà lójú ènìyàn, kò ṣeé dákẹ́ sí. Ẹni tó bá dákẹ́ ti fi inú rẹ̀ hàn pé ọ̀tá ni òun. Mo rí i tí ìyá ọ̀rẹ́ mi la ẹnu, tó tún pa á dé. Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Àmín," ló wí. Nígbà tó ṣe, ó tún un wí: "Àmín o, Alhaja." Ó gbé garí náà sílẹ̀, ó sì lọ.

Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kan garí náà títí ìdíje yóò fi parí. Inú bí èmi náà. Mo gbà pé ṣe ló wá fi ọ̀rọ̀ já mi láyà, kí ọmọ rẹ̀ lè rí mi dá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ìbínú yẹn ṣe eré ìmárale ju bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, pápá kún. Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa fún ọ̀rẹ́ mi ni Ọ̀fẹ́, bó sì ti jáde síta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́!" Kò wò wọ́n. Nígbà tí a gbá ara wa mú, mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ṣì lágbára jù mí lọ. Ó gbé mi kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kó dá mi. Ariwo tún sọ: "Ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́!" Ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí ní gbogbo ìgbà tí a fi jọ ń jà: ó gbójú kúrò lára mi, ó wo ibi tí Mọ́mì jókòó sí lábẹ́ ibòòji. Mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀.

Mo fà á dìde gẹ́gẹ́ bí òfin tíṣà wa. Mo na ọwọ́ láti gbọn ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ti fà á lọ. Iyanrìn náà wà lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń rìn lọ, mo sì ń wò ó títí tó fi wọ bọ́ọ̀sì wọn. Àwọn tiwa gbé mi sórí èjìká wọ ìgboro. N kò tíì yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Sáà tuntun ti wọlé nígbà tí ìyá mi rán mi lọ ra òwú. Mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo sì rí ọ̀rẹ́ mi tó ru búlọ́ọ̀kù sórí. Ọjọ́ ìwé ni; èmi ti ṣíwọ́, ṣùgbọ́n inú ilé ìgbé wọn ló yẹ kí òun wà. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi. Mo bi í pé ṣé wọ́n ní ìsinmi ni.

"Wọ́n ní ká wá sanwó," ló dá mi lóhùn. "Mọ́mì ti sọ ọ́ fún wa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí ife-ẹ̀yẹ bá wọlé, mo ń bá ìwé mi lọ dé òpin. Bí kò bá wọlé, ká máa san bí àwọn yòókù."

Ó ń wò mí, kò sì sí ìbínú lójú rẹ̀.

"Ṣé ìyá mi ò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Wọ́n dé."

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo sọ ọ́ fún un bí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ gan-an, pé bí mo bá tilẹ̀ ṣubú, ilé ìwé mi náà ni n ó padà sí. Ó mi orí.

"Ìyẹn náà ni," ló wí, ó sì tún búlọ́ọ̀kù rẹ̀ rù.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Inú tèmi ni ọ̀rọ̀ náà dé tó sì wà ní àbọ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè sọ pé kí n ṣubú. Àgbà wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, lójú ìyá tó bí i? Ó sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ lè sọ dé, a sì fi àdúrà dí i lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú láti padà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń bẹ Mọ́mì láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwé wa, a ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, ìforúkọsílẹ̀ sì ti parí. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní kó wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ bá a níbi iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìlọrin. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi, ó bi mí pé kí ló dé tí obìnrin náà kò fi sọ̀rọ̀. Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ní, "Ó mà sọ̀rọ̀." Ó lọ sí Òjòkú lọ́jọ́ kejì láti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n tún di garí fún un.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Ọ̀rẹ́ mi wà láàyè, ó ní ìyàwó, a máa ń kí ara wa lórí fóònù bó bá di ọdún Iléyá. A kì í sọ̀rọ̀ ìjàkadì. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí, n kò mọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, mo ti rẹ́ ilé ìwé mi jẹ. N kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé mo ṣe èrú. Síbẹ̀, nínú mọ́sáláṣí, bí lèmọ́mù bá parí Fátíhà tí gbogbo wa jọ ṣe àmín, mo máa ń gbọ́ ohùn obìnrin kan láàárín ohùn ọkùnrin. Mo ti bojú wẹ̀yìn rí. Ogiri ló wà níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ilé ìwé aládàáni kan ránṣẹ́ sí mi nítorí ọmọ mi obìnrin tó mọ eré sá. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní. N kò tíì dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ ọjà Òjòkú tó kọjá, mo lọ ra iṣu, mo sì yà kí ìyá ọ̀rẹ́ mi. Kò yan garí mọ́, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Mo fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo fẹ́ bi í léèrè ọjọ́ yẹn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ iṣu ni mo ń bá a sọ. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ láti dágbére, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí.

"Ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ, ẹ ò ní ṣubú."

Ó ń retí ìdáhùn mi, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí mi.

"Ṣe àmín, ọmọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Kì í pa ènìyàn. Èmi náà ti ṣe é rí."

Mo ṣe é. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí mi, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì ń fọwọ́ wá èjìká mi. Nígbà tó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹ̀yìn aṣọ mi díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iyanrìn kankan níbẹ̀.