Wáyà Tí Ọkọ Mi Lọ́ Sínú Ògiri

Ọkọ mi kì í sọ pé ó rẹ òun. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Jẹ́ kí n wo wáyà yìí dáadáa," á wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa wo wáyà tí kò ní nǹkan kan tí èèyàn ń wò lára. Èmi tí mo ti bá a gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ló ń tọ́jú.

Oníwáyà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló fa wáyà agogo ẹnu ọ̀nà sí ìdajì àwọn ilé alájà tó wà ládùúgbò wa, nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Àlejò á tẹ bọ́tìnnì nísàlẹ̀, fóònù ara ògiri á dún lókè, onílé á gbé e, á béèrè pé ta ni, á sì ṣí ilẹ̀kùn látibi tó wà. Ní báyìí, agogo aláwòrán ni gbogbo wọn fẹ́, kí wọ́n lè rí ojú ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àfi kí àwọn fọ́ ògiri kí àwọn fa wáyà tuntun. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé wáyà méjì péré tó ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀ ti tó, iná àti ohùn àti àwòrán á jọ gba inú rẹ̀ kọjá. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ni kò sì jẹ́ kó sinmi, nítorí òun ni gbogbo ilé wá ń ránṣẹ́ pè. Èmi ni mo máa ń bá a di òpin wáyà kejì mú, láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ti kógbá sílé.

Ilé kan wà tó ní àjà márùn-ún, tí kò ní lífítì. Lókè pátápátá ni Mama Tíṣà ń gbé, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí etí rẹ̀ ti wúwo. Bí Mama bá béèrè pé ta ni, "Èmi ni" ni gbogbo ayé máa ń dá a lóhùn. Mama kò mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, á kàn ṣílẹ̀kùn. Lóṣù tó kọjá, "Èmi ni" kan wọlé, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n àwọn ará àjà kejì lọ. Ọmọ Mama ọkùnrin bá fárígá. Ó ní bí àwòrán kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, òun á kó ìyá òun lọ sílé òun.

"Ilé ẹ̀ dára," Mama sọ fún wa. "Àmọ́ yàrá tí wọ́n ń kó báàgì sí ni wọ́n fẹ́ fi mí sí. Mi ò fẹ́ kú sáàárín báàgì."

Láàárọ̀ Sátidé, àwòrán ti jáde ní àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀. Ti Mama nìkan ló kọ̀. Ohùn ń lọ, ilẹ̀kùn ń ṣí, ṣùgbọ́n ojú sikirini dúdú kirikiri. Ọkọ mi pààrọ̀ sikirini náà, kò yí padà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gòkè, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo wáyà dáadáa.

Inú bí mi. "Baálé mi, ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Kí wọ́n fọ́ ògiri, ká lọ sùn."

Ó dìde kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ó ń fọwọ́ pa ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà Mama, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ.

"Mo mọ ibi tó wà," ó sọ níkẹyìn. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

"Kí lẹ fi síbẹ̀?"

"Wáyà ò tó mi lọ́jọ́ tí mo fa wáyà ilé yìí. Mo fẹ́ lọ ra òmíì ni wọ́n wá sọ fún mi pé o ti ń rọbí, pé kò sì rọrùn fún ẹ. Mo mú àjákù wáyà kan nílẹ̀, mo lọ́ ọ mọ́ ọn, mo fi símẹ́ńtì bò ó, mo sáré. Mo ní màá padà wá tún un ṣe lọ́la."

Ọ̀la náà ti di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo rántí ọjọ́ yẹn. Ó wọlé tòun ti símẹ́ńtì lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì sì lé e síta pé kó lọ fọwọ́. Ọmọ ti dé kó tó dé. Láti ìgbà náà, kò sí ìjà tá a jà tí mi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn gún un lójú, pé iṣẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, pé ó parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó rántí mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ń tì mí," ó ní. "Wọ́n ń pè mí ní Oníwáyà, mo wá lọ́ wáyà pamọ́ sínú ògiri."

Mama gbé àga wá fún un, ó sì jókòó gbẹ́ ògiri náà, ihò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A bá ìsopọ̀ náà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ohùn ń rí ibi fún ara rẹ̀ gbà kọjá, àwòrán kò rí. Ó gé e kúrò, ó fi òjé jó tuntun pọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi jó o tán.

Mo ní kí n lọ bá a tẹ agogo nísàlẹ̀. Ó ní rárá, iṣẹ́ òun ni, kí n dúró ti Mama. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń dúró ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Agogo dún, sikirini sì mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ tí eruku símẹ́ńtì bo irun rẹ̀, tó fọwọ́ ti ògiri, tó lanu ń mí, tí kò mọ̀ pé a ti ń wo òun. Nílé, ó máa ń tún ojú ṣe kó tó wọlé tọ̀ mí wá. Mi ò tíì rí ojú yìí rí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mama wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ sikirini. "Ta ni bàbá yìí?"

"Èmi ni," ohùn ọkọ mi dáhùn látinú ògiri.

Mama kò gbọ́. "Ọkọ mi ni, Mama," mo pariwo sí i létí.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ o," Mama sọ, ó sì tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn. "Tí ọmọ tèmi bá dé, màá wò ó yó kí n tó ṣílẹ̀kùn fún un."

Mo gbé àga Mama, mo sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé ọkọ mi ní àjà kejì, kó lè jókòó.