Wọ́n Rí Pílánẹ́ẹ̀tì, Wọn Ò Rí Bàtà Bàbá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá ọkọ mi kú sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní ilé awò tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tó jó níbi ìgbéyàwó wa, nínú bàtà tuntun tí a rà fún un, títí òógùn fi rin aṣọ rẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí. Ayọ̀ kún inú mi débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín bí mo bá ń fọ abọ́, mi ò sì ní tọrọ àforíjì fún un, nítorí Bàbá ló ní kí n máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe.

Awò ńlá méjì ló wà lórí òkè níbẹ̀, wọ́n jìnnà síra. Méjèèjì á kọjú sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá gbà á gba inú ihò kọjá, á sì pàdé. Bí ọ̀kan bá fi nǹkan bín-ín-tín pẹ́ dé, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ kan tó ru dígí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà fi ń rìn lórí irin nínú ihò, kí ọ̀nà méjèèjì lè gùn dọ́gba. Bó bá dọ́gba, wọ́n lè ya ìmọ́lẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìràwọ̀ tí pílánẹ́ẹ̀tì náà ń yí ká. Ta ló ń tọ́jú irin yẹn? Bàbá ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń rákò lórí rẹ̀ láràárọ̀, tó ń nu eruku, tó ń wọ̀n ọ́n. Bàtà máa ń kó eruku wọlé, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló fi ń wọ ibẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Oníbọ̀sẹ̀.

"Bàbá, ṣé òtútù ò mú yín ni?" mo bi í lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣì jẹ́ àfẹ́sọ́nà.

"Ìyàwó wa, ìràwọ̀ tí mò ń sìn, ṣé òun náà wọ bàtà ni?"

Gbogbo wọn ló mọ òfin ibẹ̀: bàtà lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn wà nínú. Bàbá bẹ̀ wọ́n fún agogo kan tó lè fi pe èèyàn. Ọ̀gá àgbà ní agogo á mi kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá gbọ́ pé wọ́n ti rí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun. Bàbá bọ́ bàtà ìgbéyàwó wa sẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó wọlé. Ẹnì kan rí i pé bàtà náà ń ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹlòmíràn dé, kò rí bàtà, ó ti ilẹ̀kùn pa. Àyà dun Bàbá, ó ṣubú. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá kí ọkọ mi tó wá a débẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, ó ṣeé ṣe kó yè.

Ẹ gbà mí! Ojú tó rí pílánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kò rí bàtà nílẹ̀? Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn gan-an. Àtẹ́wọ́ ò mi kẹ̀kẹ́ o, agogo nìkan ló ń mì ín! Orúkọ èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi kéde pílánẹ́ẹ̀tì wọn. Mo wá ti Bàbá títí, mi ò rí i. Wọ́n kúkú dúpẹ́ lọ́wọ́ ojú ọjọ́.

Ọ̀gá àgbà wá kí wa nílé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Ẹ mọ̀ pé àlejò ló ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ló ṣí bàtà nípò, sà?" Ọkọ mi ló béèrè.

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní."

"Ó dáa, sà. A máa dúró de ọ̀la."

Ọkùnrin tí mo fẹ́ nìyẹn o! Ọ̀la sì ti dé. A fẹ́ agogo nínú ihò yẹn, a fẹ́ orúkọ Bàbá nínú ìwé yẹn, a sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ti bàtà. Èmi ló nu bàtà náà tó fi ń dán, ọkọ mi ló gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, gbogbo wọn ń yà fún un, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó jọ pé wọ́n ti ń rí bàtà báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, òfin yín kò tíì yí padà. Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn wà nínú. Ẹ wá dáhùn fún un.